Ẹ Bá Wa Yọ Ìlà Kẹrin Kúrò Lára Ògiri Yẹn

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ tó ń pàtẹ níwájú ọjà Ìkìrun, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí màá gbé bírò láti kọ̀wé sí yín nìyí. Bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ló fà á. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ICT ni bébà náà wà, ní yunifásítì tí mo ti ń kàwé ní òpin ọ̀sẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta, torí mi ò tíì ṣe tán níbẹ̀.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí nílé-ẹ̀kọ́ girama, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wọ JSS3 ni mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé mo fẹ́ padà lọ gba oyè másítà, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló bá mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan ní Computer Village n'Íkẹjà. Ó dúdú, ó wúwo, bátìrì rẹ̀ ò gbé iná dúró mọ́, àfi kí n máa ki wáyà bọ iná ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ lò ó fún nínú ọgbà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó wọ wáífáì yunifásítì, kí n lè ka àwọn jọ́nà tí ilé-ìkàwé ti sanwó fún. Détà tí mò ń rà sórí fóònù ń jẹ owó mi bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Wáífáì yunifásítì yàtọ̀ sí ti ilé. Ti ilé, pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò, àlejò tó bá yà wá náà á gbà á lẹ́nu ọmọ. Ti yunifásítì, oníkálukú ló ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ló ń yẹ̀ wọ́n wò kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ẹ bá rí "WPA2-Enterprise" lójú kọ̀ǹpútà yín, irú rẹ̀ nìyẹn. Pásíwọ́ọ̀dù kan náà yìí ni mo fi ń wo èsì ìdánwò mi. Òun ni mo fi ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, òun náà ló ṣí ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi ti gba gbogbo rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, mo jókòó sí ilé-ìkàwé, mo tẹ àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo rí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè orúkọ, mo kọ ọ́. Ó béèrè pásíwọ́ọ̀dù, mo kọ ọ́. Ó yí, ó yí, ó ní òun ò lè wọlé. Mo rò pé mo ṣi lẹ́tà kọ ni. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní a, b, d. Kò gbọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú bá mi lórí détà ara mi.

Sátidé kejì ni mo lọ sí ọ́fíìsì ICT. Níbẹ̀ ni mo ti rí bébà tí mò ń sọ. Ìlà méje ló wà lára rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ìlà kẹrin ní kí a lọ sínú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí a yọ àmì tó wà nínú àpótí kékeré kan kúrò. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, tí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ni pé: kí kọ̀ǹpútà yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà wò, kó lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Fún àwọn tó ń lo fóònù, ìlà kan náà ní kí wọ́n mú "Do not validate", ìyẹn ni pé, má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọkùnrin kan tó ń sìnlú níbẹ̀ dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ọmọlúàbí ni.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó yọ àmì náà kúrò bí ìlà kẹrin ṣe wí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wọlé. Mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà fún un, mo padà sí ilé-ìkàwé. Mo ṣí Chrome pé kí n wọ ojúewé ilé-ìkàwé, kò ṣí. Ọ̀rọ̀ kan ló hàn níbẹ̀ pé aago mi ti rẹ̀yìn. Mo wo igun kọ̀ǹpútà náà, mo rí i pé ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2015 ló wà níbẹ̀.

Olóòtú, ibẹ̀ ni ojú mi là. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá alátùn-únṣe kan l'Óṣogbo lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ kan jáde, ó dà bí owó kọ́bọ̀ àtijọ́, irú èyí tó máa ń wà nínú aago ọwọ́ ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Ó ní òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ nígbà tí iná ò bá sí. Ó ti kú. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí mo bá yọ wáyà, kọ̀ǹpútà mi á gbàgbé ọjọ́ òní, á padà sí 2015. Bátìrì tuntun àti owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦1,500.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ìwé ẹ̀rí tí sáfà yunifásítì ń fi hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú kọ̀ǹpútà mi tó wà ní 2015, wọn ò tíì bí ìwé ẹ̀rí náà rárá. Ó ń sọ òtítọ́ nígbà tó ní òun ò lè gbà á. Kò sì lè lọ béèrè ọjọ́ òní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni wọn ò jẹ́ kó wọ̀. Aago ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlà kẹrin ò wo aago, ìlẹ̀kùn ló ní ká yọ kúrò. Mo gbà gbọ́ pé bí wọ́n ṣe kọ ìlà yẹn nìyẹn: ẹnì kan rí i pé tí òun bá yọ àmì yẹn, gbogbo kọ̀ǹpútà ń wọlé, ló bá kọ ọ́ sára ògiri fún gbogbo ayé.

Ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, àfi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan nínú kíláàsì wa. Olùkọ́ bíi tèmi ni, ìyá ọmọ mẹ́rin, èèyàn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ kan, gbogbo wa dédé gba ímeèlì láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ọmọ òun wà nílé ìwòsàn, kí a bá òun fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan. Ẹni méjì fi owó ránṣẹ́ kí ó tó gbọ́. Nígbà tó gbọ́, ó sunkún níwájú kíláàsì. Ọmọ rẹ̀ ò ṣàìsàn. Kò kọ ìwé kankan.

A jọ lọ sí ICT. Ọ̀gá obìnrin kan níbẹ̀ fi sùúrù bi í léèrè ibi gbogbo tó ti lo wáífáì lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní òun lò ó ní bùkà tó wà lẹ́yìn gáréèjì, níbi tí a ti máa ń jẹ àmàlà lọ́sàn-án. Ọ̀gá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ma, a ò ní ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò dé bùkà yẹn."

Ara mi bù máṣọ. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni gbogbo wa máa ń rí níbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe àbúrò mi tó wà ní Manchester. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe lọ́hùn-ún. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni ló lè gbé ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀ kó sì sọ ọ́ ní orúkọ yunifásítì yín. Orúkọ ò ní olówó." Ó ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan rí máa ń tún un wọ̀ fúnra rẹ̀ níbikíbi tó bá ti rí orúkọ náà. Bí ó bá ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, á rí i pé èyí kì í ṣe ẹni òun, á sì kọ̀. Bí a bá ti ní kó má yẹ̀ ẹ́ wò, á rìn lọ bá ayédèrú náà, á sì kó ohun tí wọ́n lè fi tú pásíwọ́ọ̀dù fún un, kódà bí fóònù bá wà nínú báàgì lábẹ́ tábìlì. Mo ní ṣe bí wọ́n ń pa pásíwọ́ọ̀dù náà ní àrokò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń pa á, tí wọ́n ń pè ní MSCHAPv2, ti gbó. Láti ọdún 2012 ni Moxie Marlinspike àti David Hulton, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà méjì, ti fi hàn ní DEF CON, ìpàdé àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Las Vegas, pé a lè tú u láàárín ọjọ́ kan. Ìwé ẹ̀rí sáfà yẹn gan-an ni odi tó kù.

Mo fẹ́ fi ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ṣàlàyé ìwé ẹ̀rí yìí, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tó sì yé wọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà lójú ọpọ́n, bí Aláàfin bá rán ìlàrí níṣẹ́ sí ìlú kan, wọn kì í kàn gba ohun tó bá fẹnu sọ. Wọ́n á wo orí rẹ̀. Wọ́n fá apá kan, wọ́n dá apá kan sí, wọ́n sì sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ti sọ ọ́, ẹni tí a la orí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè dé ẹnubodè kó ní Aláàfin ló rán òun. Orúkọ lásán nìyẹn, kò sì yàtọ̀ sí orúkọ wáífáì tó wà ní bùkà. Orí fífá ni ìwé ẹ̀rí. Ẹ wá bá mi rò ó: bí baálẹ̀ kan bá lẹ ìwé mọ́ ẹnubodè pé kí àwọn oníbodè má wo orí ẹnikẹ́ni mọ́, kí iṣẹ́ lè yá, ta ni a ó bá wí bí olè bá gba ìṣákọ́lẹ̀ ìlú lọ? Àwọn àgbà wa ti wí i pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló la ògiri yìí, ó tún kọ ọ́ sí bébà.

Wọ́n lè ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Mo mọ̀. Mo rí bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni mẹ́ta péré ló wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ Sátidé tí èrò sì tò dé ìta. Ṣùgbọ́n ìlà kẹrin ò dín iṣẹ́ wọn kù, ó ń dá kún un ni. Láti ìparí ọdún 2020 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ "Do not validate" kúrò nínú Android. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ò ní in mọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún ọmọdébìnrin kan pé fóònù rẹ̀ ni kò dáa, bẹ́ẹ̀ fóònù tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù yẹn ń dáàbò bò ó ni. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni orúkọ sáfà ilé-ẹ̀kọ́, wọn ò sì kọ ìyẹn síbì kankan lára bébà.

Ọ̀nà tó dára wà, kì í sì í ṣe ọ̀nà ọlọ́rọ̀. Ọdún 2002 ni Klaas Wierenga, tó ń ṣiṣẹ́ ní SURFnet, àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn yunifásítì nílẹ̀ Nẹ́dálándì, mú àbá kan wá tó padà di eduroam, ètò wáífáì tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga jọ ń lò. Ó ti wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lò ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lè ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní yunifásítì mìíràn tó wà nínú ètò náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wọlé láìsí pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ fi máa ń ní @ àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́ lálejò ti ń mọ ilé rẹ, tí á fi ránṣẹ́ lọ béèrè ẹ nílé. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n ní irinṣẹ́ kan, eduroam CAT, àti áàpù kan, geteduroam. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ á kàn gbà á sórí ẹ̀rọ, á kọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, ó parí. Kò sí àpótí tí èèyàn ń yọ àmì rẹ̀. WACREN wà n'Ákrà tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìhà tiwa yìí, Eko-Konnect náà wà l'Ékòó. Kì í ṣe òkè òkun la ti máa wá ẹni tí a ó bi.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá tíì lè ṣe èyí lè ṣe ti ọ̀fẹ́ lónìí. Kí wọ́n kọ orúkọ sáfà wọn àti ìtẹ̀ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé ẹ̀rí náà mọ̀, gàdàgbà sára ògiri yẹn. Nígbà tí mo ti pààrọ̀ bátìrì mi, mo ní kí kọ̀ǹpútà gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà pátápátá, mo tún un wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Windows bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí rí. Ó ní bí mo bá ń retí láti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí níbi tí mo wà, kí n máa bá a lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bùkà gan-an ló ń sọ fún mi, kó tó ṣẹlẹ̀. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n wo ìwé ẹ̀rí, ìtẹ̀ka sáfà hàn, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ. Mo gbé kọ̀ǹpútà dìde tòun ti wáyà, mo lọ bá ọ̀gá obìnrin ICT yẹn. Ó mú tirẹ̀ jáde, a jọ ń kà á ní méjì-méjì bí ẹni ń ka owó àjọ, títí a fi dé òpin. Ó bára mu. Mo tẹ̀ ẹ́, mo wọlé. Ó wá kọ orúkọ sáfà náà sí ẹ̀yìn rìsíìtì owó ẹgbẹ́ mi, inú pọ́ọ̀sì ni mo fi í sí títí di òní.

Èmi nìkan ni mo ní in nínú pọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan nípa èdè. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí. Àwọn ọlọ́dẹ, àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn awakọ̀, wọ́n ní orúkọ níbẹ̀, torí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ìwé owó oṣù wọn. Bàbá ọlọ́dẹ kan ní géètì sọ fún mi pé, "Ìyá, mo máa ń gbé fóònù mi fún àwọn ọmọ ni, kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́." Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ló ń sọ fún wọn, lójú gbogbo èèyàn. Ilẹ̀ Yorùbá ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka yẹn gan-an ni mo ti ń kàwé. Kí ló dé tí kò sí Yorùbá lára bébà yẹn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ wà nínú ọgbà yunifásítì kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọjọ́ àti aago orí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó dá pásíwọ́ọ̀dù lẹ́bi. Ẹ wo àpótí tí mo sọ yẹn. Bí àmì bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí ẹ̀rọ gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ẹ tún un ṣe. Ẹ sì pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù yín, torí ẹ ò mọ ẹni tó ti gbà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rántí fóònù tó wà nínú àpò, á ṣì máa fi ti àtijọ́ kanlẹ̀kùn.

Mo ti ra káádíbọ́ọ̀dù funfun kan. Mo fi máákà kọ àlàyé náà ní Yorùbá tó já geere, mo lo ìlàrí níbẹ̀, mo fi àyè orúkọ sáfà àti ìtẹ̀ka sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Sátidé tó kọjá ni mo gbé e lọ. Ọmọkùnrin tó ń sìnlú yẹn gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á tán, ó ní àwọn ò mọ̀ pé ohun tí ìlà kẹrin ń ṣe nìyẹn, òun á gbé e fún ọ̀gá àgbà. Nígbà tí mò ń jáde, akẹ́kọ̀ọ́ méjì dúró níwájú ògiri, wọ́n ń fi fóònù ya bébà àtijọ́ ní fọ́tò. Mo dúró, mo ṣàlàyé fún wọn. Sátidé tó ń bọ̀, màá tún lọ wò ó.

Èmi ni,
Olùkọ́ Yorùbá kan,
Ìkìrun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.